Ìbàdàn la fẹ́ kó lọ: àdúgbò wo ni ilé àti ilé-ìwé ti bára mu fún ọlọ́mọ mẹ́ta?

Ìyá Tèmi, Ìkòròdú

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọkọ mi ti ríṣẹ́ sí ìhà Mọ́níyà ní Ìbàdàn, a sì ti pinnu pé gbogbo wa la máa kó lọ. A ò fẹ́ kí bàbá máa gbé níbì kan kí àwọn ọmọ máa gbé níbòmíràn. Ọmọ mẹ́ta la bí. Èyí àkọ́kọ́, ọmọbìnrin ni, ó máa wọ JSS 1 ní oṣù Kẹsàn-án. Èkejì wà ní pírámárì kẹta, èyí tó kéré jù ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta.

Fúláàtì oníyàrá mẹ́ta la ń wá, owó tá a lè san ò sì lè ju mílíọ̀nù kan náírà lọ lọ́dún. Gbogbo éjẹ́ǹtì tí mo bá pè ló ń sọ pé àdúgbò tòun ló dára jù. Ti Àkóbọ̀ ní kí n má wo ibòmíràn rárá. Ti Ológunẹrú ní ilé pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, owó rẹ̀ sì rọjú. Èmi ò mọ Ìbàdàn ju Ìwó Róòdù tí bọ́ọ̀sì ń já wa sí lọ. Aṣọ ni mo ń tà, màá ṣì máa lọ kó ọjà l'Ékòó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́mọ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ máa ní ká kọ́kọ́ wò? Ṣé ilé la máa kọ́kọ́ wá ni àbí ilé-ìwé?

Bàbá Máíkírà, Òjòó

Ẹ káàbọ̀ o, ìyàwó wa. Láti Òjòó ni mo ti ń gbé èrò lọ sí Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀ àti Ìwó Róòdù, gbogbo bí ọ̀nà ṣe ń rí láàárọ̀ ló ń ṣojú mi. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí bàbá á máa ṣiṣẹ́ àti ibi táwọn ọmọ á ti máa kàwé, kẹ́ ẹ tó wá ilé sáàárín méjèèjì. Ìbàdàn fẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, márùn-ún láàárín ìlú, mẹ́fà lẹ́yìn ìlú. Mọ́níyà wà ní Akínyẹlé, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Àpáta wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, Ṣálẹ́ǹjì sì wà níhà téèyàn ń gbà wọlé láti Èkó. Tí bàbá bá ń ṣiṣẹ́ ní Mọ́níyà, tẹ́ ẹ wá lọ gba ilé sí Elébu torí pé ilé náà rẹwà, gbogbo ìlú látòkè délẹ̀ lẹ ó máa là kọjá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Láti Mọ́níyà wá sísàlẹ̀, ibi tẹ́ ẹ lè wò ni Mọ́níyà fúnra rẹ̀, Òjòó, Ṣáṣá, Ọ̀rọ̀gún, Àgbọwó àti Ajíbọ́dẹ. Àgbọwó kọjú sí géètì Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ibẹ̀. Ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń gbé ló pọ̀ níbẹ̀ ju ilé ìdílé lọ, àdúgbò náà kì í sì í tètè sùn. Ọ̀rọ̀gún rọlẹ̀ jù ú lọ. Ajíbọ́dẹ wà lẹ́yìn Yunifásítì, ilé tuntun pọ̀ níbẹ̀, bàbá sì lè gba ẹ̀yìn jáde sí Mọ́níyà láìdé Òjòó.

Ti ọjà tẹ́ ẹ fẹ́ máa kó l'Ékòó, rélùwéè máa wúlò fún yín. Mọ́níyà ni èyí tó ń ti Èkó bọ̀ parí sí, láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n sì ti ń fi kó èrò. Ẹ wọ̀ ọ́ ní Mọ́níyà, ẹ sọ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Ẹ kàn rí i pé ẹ mọ àkókò tó ń gbéra, kì í ṣe wákàtí wákàtí ló ń lọ.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ìyá Tèmi, ilé-ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ilé tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè kó kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ tí wọ́n bá ń mú láti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn lọ́dọọdún, ó máa hàn nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ilé-ìwé ìjọba nílùú yìí ni mo ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tójú mi rí ni mò ń sọ.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà ògiri àti àwòrán labalábá tí wọ́n yà sẹ́nu géètì fa ojú yín mọ́ra. Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ má sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wo kíláàsì pírámárì kẹta, kẹ́ ẹ ka orí àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní ọmọ ò gbọ́dọ̀ ju 35 lọ fún olùkọ́ kan ní pírámárì, kò sì gbọ́dọ̀ ju 40 lọ ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ilé-ìwé ìjọba tí tiwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé ilé-ìwé aládàáni kan tẹ́ ẹ bá ọmọ méje péré nínú kíláàsì, ẹ bèèrè ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àwọn òbí ti ń kó ọmọ wọn kúrò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé iṣẹ́ ọmọ kan, ti ìṣirò tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé bírò pupa olùkọ́. Olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́, ẹ máa rí i pé ó kọ déètì síbi tó ti máàkì, ó fa ìlà sábẹ́ ibi tí ọmọ ti ṣì í gan-an, ọmọ náà sì ti tún un ṣe sísàlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí ojú ewé tó tò tẹ̀ lé ara wọn, tí kò sí nǹkan kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju àmì máàkì gbàgàdà kan tó gùn láti òkè délẹ̀, tí ìṣirò tó kùnà sì wà lábẹ́ àmì náà láìsẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ẹ bèèrè pé ta ló kọ́ kíláàsì yìí lọ́dún tó kọjá. Níbi tí olùkọ́ bá ti ń yí padà ní gbogbo sáà, owó oṣù ni wọn ò san dáadáa, àwọn ọmọ ló sì ń jẹ gbèsè rẹ̀. Ẹ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin, ẹ wò ó bóyá omi wà níbẹ̀ àti bóyá ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì. Ọmọbìnrin tó fẹ́ wọ JSS 1 máa nílò rẹ̀ láìpẹ́ ọjọ́. Tó bá jẹ́ sẹ́kọ́ńdìrì aládàáni, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ hàn yín, kẹ́ ẹ sì bèèrè bóyá ọgbà tiwọn làwọn ọmọ ti ń ṣe WAEC. Àwọn kan wà tí wọ́n ń kó ọmọ lọ sílé-ìwé ẹlòmíràn tí ìdánwò bá dé.

Ẹ má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ilé-ìwé ìjọba. Ibadan Grammar School ti wà láti 1913, Government College láti 1929, St. Teresa's láti 1932. Àwọn ọmọ tó gbọ́n ṣì ń ti inú wọn jáde. Wọn kì í gba owó ilé-ìwé níbẹ̀. Kódà ₦3,000 táwọn òbí ń san tẹ́lẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti fagi lé e ní 2019. Òfin UBE ti ọdún 2004 náà sọ pé láti pírámárì kìíní dé JSS 3, ọ̀fẹ́ ni. Ìṣòro tiyín ni pé Grammar School wà ní Mọ̀lété, Government College àti Queen's School wà ní Àpáta, ọ̀nà wọn sì jìn gan-an sí Mọ́níyà. Èyí tó sún mọ́ yín ni International School tó wà nínú ọgbà Yunifásítì láti 1963. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹ bèèrè owó rẹ̀ dáadáa. Abadina College náà wà nínú ọgbà kan náà.

Ìyá Ìbejì, Àkóbọ̀

Ẹ kú àlàyé, ìyá wa. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ìwé iṣẹ́ yẹn, òdodo ni.

Kí n sọ ti Àkóbọ̀ torí ibẹ̀ là ń gbé. Ó dára fún ọlọ́mọ. Ilé-ìwé aládàáni pọ̀ níbẹ̀, láti èyí tí ọlọ́jà lè san dé èyí tó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ló lè san án. Bárékè àwọn sójà wà ní Odògbó, ìyẹn máa ń jẹ́ kọ́kàn àwọn kan balẹ̀. Ọjà wà, ilé ìwòsàn wà, òpópónà rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n òpópónà kan náà ni gbogbo wa ń gbà jáde láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ń rí àwọn ọmọ tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé máa ń gbé kọjá níwájú ilé wa nígbà tílẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Wọ́n á ti gbórí lé gíláàsì, oorun á ti gbé wọn lọ, búrẹ́dì á ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tó bá jí ní aago márùn-ún, tó wá dé kíláàsì ní aago mẹ́jọ, kí ló kù tó fẹ́ fi gbọ́ ẹ̀kọ́?

Nítorí náà, tí bàbá bá máa ṣiṣẹ́ ní Mọ́níyà, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ wá bá wa níbí, bó tilẹ̀ wù mí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ èkejì àti èyí tó kéré lè fẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ìwé, tàbí kí wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan ṣoṣo. Kò sóhun tó dùn tó o fún ìyá tó ń ṣòwò.

Bàbá Onílé, Apẹtẹ

Ìyá Tèmi, ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ bá yín sọ. Wọn ò tíì mẹ́nu bà á, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó ṣáájú ọ̀dà ògiri àti táìlì.

Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó gba àárín ìlú, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ló tún ṣẹlẹ̀, adágún Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, odò Ọ̀nà ya bo àdúgbò, ó gbá afárá Apẹtẹ tiwa níbí lọ. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú lọ́dún yẹn. Àwọn ọmọ tó ń kàwé lódì kejì ò rí ọ̀nà gbà lọ. Báǹkì Àgbáyé ti yá ìjọba lówó lẹ́yìn ìyẹn láti fi tún afárá àti ojú àgbàrá ṣe, iṣẹ́ sì ti lọ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ṣì ń kọ́lé sí bèbè odò títí dòní.

Tẹ́ ẹ bá lọ wo ilé, ẹ kọ́kọ́ wo ara fẹ́ǹsì lóde, níbi tí orúnkún yín mọ. Omi tó bá ti wọlé rí máa ń fi ìlà ẹrẹ̀ sílẹ̀, bí wọ́n tiẹ̀ kun ún lọ́dà tuntun, wọ́n sábà máa ń gbàgbé ẹ̀yìn ilé. Ẹ wo ẹnu ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò. Tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n to búlọ́ọ̀kù méjì sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ tó jẹ́ pé ńṣe lèèyàn ń gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ wọlé, omi ni wọ́n fi ń dá dúró. Ẹ wo ìsàlẹ̀ fíríìjì wọn náà, tó bá wà lórí búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọmọdé tó ń ṣeré níta pé, "Tí òjò bá rọ̀, ibo lẹ máa ń gbà lọ sílé-ìwé?" Éjẹ́ǹtì lè fọ̀rọ̀ pamọ́, ọmọdé ò ní fi pamọ́.

Èyí tẹ́ ẹ fi máa kó lọ ní oṣù Kẹsàn-án yìí dára. Ìgbà òjò lẹ máa wo ilé. Ẹ má lọ lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn nìkan, ẹ lọ lọ́jọ́ kejì òjò ńlá.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń ba Apẹtẹ jẹ́ o. Mo kọ́lé síbẹ̀, mo sì ń gbé inú rẹ̀. Orí òkè wà níbẹ̀, àfonífojì wà níbẹ̀. Ẹ gba ti orí òkè.

Alágbàtà Ilé

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi náà, torí àwa ni wọ́n ń bú. Owó tẹ́ ẹ mú lọ́wọ́ yẹn, ẹ má rò pé owó ilé nìkan ni. Kọmíṣọ̀n wà, owó àgírímẹ́ǹtì wà, owó kọ́ṣọ̀n, tí wọ́n fi ń dúró de ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé, sì tún wà níbòmíràn. Àpapọ̀ wọn lè mú kí owó ọdún àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọdún kan àti ààbọ̀. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé mílíọ̀nù kan ni gbogbo owó tẹ́ ẹ ní, ilé tí owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ₦700,000 lẹ máa wá. Tó bá sì jẹ́ owó ilé nìkan lẹ ní lọ́kàn, ẹ wá ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àkáǹtì onílé ni kẹ́ ẹ san owó ilé sí, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì lórúkọ onílé. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ yára san án sọ́wọ́ òun torí èèyàn mẹ́ta mìíràn ń wo ilé náà, ẹ jẹ́ kí àwọn mẹ́ta yẹn gbà á. Àwọn kan ti gba owó ilé kan lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ọjọ́ tí wọ́n kẹ́rù dé ni gbogbo wọn pàdé lẹ́nu géètì. Ẹ má sì gbà láti san ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Ọdún kan tó láti mọ̀ bóyá ilé-ìwé àti àdúgbò máa bá yín lára mu.

Iná ńkọ́? Láti 2020 ni wọ́n ti pín gbogbo òpópónà sí Band. Band A ni wọ́n ní kó máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, C fún méjìlá, E fún mẹ́rin. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná Band A ti wọ́n ju tàwọn yòókù lọ gan-an. Òpópónà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè má wà ní Band kan náà. Ẹ ní kí ayálégbé tó ń kó lọ fi rìsíìtì owó iná tó rà kẹ́yìn hàn yín, Band máa wà lára rẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá mítà dá dúró fún fúláàtì yín, àbí ẹ̀yin àti ẹni òkè lẹ jọ máa pín in. Àjọpín mítà ti ba ọ̀rẹ́ jẹ́ púpọ̀ nílùú yìí.

Omi: kànga tàbí kànga ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò. Ẹ bèèrè bó ṣe ń rí ní oṣù Kejì àti Kẹta, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wò ó bóyá ó jìn sí sọ̀kàwéè.

Àbúrò Yín ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìnáwó o. Níbí tí mo wà, àdírẹ́sì ilé ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba fi ń gba ọmọ. Tí ilé-ìwé bá ti kún, ẹni tílé rẹ̀ sún mọ́ ọn jù ni wọ́n sábà máa ń mú, ìdí nìyẹn tí ilé tó wà nítòsí ilé-ìwé rere fi máa ń wọ́n. Ní Ìbàdàn, ilé-ìwé aládàáni ò ní bi yín léèrè ibi tẹ́ ẹ ń gbé. Nítorí náà, èrò tèmi yàtọ̀ sí ti ìyá wa olùkọ́. Ẹ gba ilé olówó pọ́ọ́kú, kẹ́ ẹ fi owó tó ṣẹ́ kù ra ilẹ̀ sí Ìdó tàbí Mọ́níyà, kẹ́ ẹ mú ọmọ àgbà lọ sí ilé-ìwé tó ní ilé gbígbé. Lọ́dún mẹ́ta sí i, ẹ ti wà nínú ilé yín.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Àbúrò mi, mo gbọ́ ọ. Ti ilẹ̀ rírà, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ń mú kúrò ní Ìkòròdú wá sí ìlú tí kò mọ ẹnì kankan, tí wọ́n á tún wá mú un kúrò lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà? Jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé ilé wà níbì kan tó lè sá sí. Tó bá dé SS 1, tó sì wù ú fúnra rẹ̀, wọ́n lè wò ó nígbà yẹn. Mo ti rí ọmọ tó ṣe dáadáa nínú ilé gbígbé, mo sì ti rí èyí tí wọ́n fìyà jẹ níbẹ̀ tí àwọn òbí rẹ̀ ò mọ̀ títí ọdún fi parí. Owó ilé gbígbé yẹn náà kì í ṣe kékeré.

Alágbàtà Ilé

Lórí ilẹ̀: kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ mú ìwé sọfè lọ sí ọ́fíìsì Surveyor General ní Sẹkitéríàtì, Àgódi, kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ilẹ̀ náà wà lára èyí tí ìjọba ti gbà. Wọ́n ti gba ilẹ̀ púpọ̀ fún Circular Road tí wọ́n ní kó yí Ìbàdàn ká, àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ṣì ń sunkún. Ọmọ onílẹ̀ tó tà á fún yín ò ní sọ ìyẹn. Ẹ gba ilé ná, ilẹ̀ ò ní sá lọ.

Ọmọ Bódìjà

Mi ò rí ẹni tó dárúkọ Bódìjà. Ó lè jẹ́ torí owó, òótọ́ sì ni pé mílíọ̀nù kan ò lè gba oníyàrá mẹ́ta tó dára ní Old Bodija. Ọdún 1959 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ẹ́sítéètì náà sílẹ̀, títì rẹ̀ fẹ̀, igi wà níbẹ̀, ó sì sún mọ́ Yunifásítì. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ ilé ti di ọ́fíìsì àti ilé oúnjẹ, mọ́tò sì pọ̀ jù fún ọmọdé láti dá rìn.

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un tó kan gbogbo àdúgbò. Lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàù kan bú gbàmù lọ́dọ̀ wa, ó pa èèyàn, ó sì fọ́ ilé lọ jìnnà. Gómìnà sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó o pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Àdúgbò àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ lọ bá alága ẹgbẹ́ onílé kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ bi í pé: ṣé wọ́n ń ṣèpàdé lóòótọ́? Ṣé wọ́n mọ ẹni tó ń gbé ilé kọ̀ọ̀kan? Èèló ni owó ọlọ́dẹ lóṣù? Aago mélòó ni wọ́n ń ti géètì? Níbi tí alága bá ti dá yín lóhùn láìronú, àdúgbò wà níbẹ̀. Níbi tí wọn ò bá ti mọ ẹni tó jẹ́ alága, ẹ ṣọ́ra.

Ìyá Tèmi, Ìkòròdú

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. A ti yọ Àkóbọ̀ àti Ológunẹrú kúrò. Ajíbọ́dẹ àti Ọ̀rọ̀gún ló kù, bóyá Mọ́níyà fúnra rẹ̀. Ọkọ mi ń fẹ́ Mọ́níyà torí ó sún mọ́ ibi iṣẹ́, owó ilé sì kéré. Èmi ń bẹ̀rù pé ilé-ìwé tó dára lè má pọ̀ níbẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Máíkírà, Òjòó

Ìyàwó wa, ẹ yan Ajíbọ́dẹ tàbí Ọ̀rọ̀gún. Bàbá kan ṣoṣo ló ń lọ síbi iṣẹ́, ọmọ mẹ́ta ló ń lọ sílé-ìwé. Ìrìn àjò bàbá láàárọ̀ á kọjú sí Mọ́níyà, nígbà tí ọ̀pọ̀ mọ́tò ń kọjú sínú ìlú, ọ̀nà tiẹ̀ máa fúyẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbé ní Mọ́níyà tọ́mọ ń lọ sílé-ìwé níhà Bódìjà tàbí Sámọ́ńdà, àwọn ọmọ lẹ máa jù sínú gosiló Òjòó.

Ẹ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdé kí sáà ẹ̀kọ́ tó parí, kì í ṣe nígbà ọlidé. Ẹ dúró síwájú ilé tẹ́ ẹ fẹ́ gbà ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí ilé-ìwé náà bí ọmọ ṣe máa wọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ẹ̀yin fúnra yín á mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Tí ilé náà bá wà ní Ajíbọ́dẹ, ẹ bèèrè àkókò tí wọ́n ń ti géètì Yunifásítì lẹ́yìn lọ́hùn-ún, torí ọ̀nà ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ń gbà.

Ìyá Ìbejì, Àkóbọ̀

Mo fara mọ́ ti Bàbá Máíkírà. Ẹ tún wo ibi tí ilé ìwòsàn tó ṣí lóru wà. Ọmọ ọdún mẹ́ta, ibà kì í dá àkókò fún un. Tó bá jẹ́ ìhà Ọ̀rọ̀gún, ilé ìwòsàn ńlá UCH ò jìn púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wá èyí tó kéré tó sún mọ́ yín fún ohun tí kò le.

Ìyá Tèmi, Ìkòròdú

Ẹ kú àánú wa. Ó ku ìbéèrè kan: ìwé wo ni mo máa gbà lọ́wọ́ ilé-ìwé wọn níbí kí n tó kó wọn bọ̀?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ẹ gba ìwé ìkúrò fún ọmọ èkejì, kí ọ̀gá ilé-ìwé buwọ́ lù ú, kó sì kọ kíláàsì tó ti parí sí i kedere. Ẹ gba káàdì èsì ìdánwò sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ọdún yìí. Fún àkọ́bí, èsì ìdánwò àṣewọlé àti ìwé ẹ̀rí pírámárì kẹfà. Tí kò bá tíì jáde, ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà pé ó ti parí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílò ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ti National Population Commission, pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára fún èyí tó kéré jù. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, èyí tó jẹ́ ojúlówó kó má kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹ gba wọ́n kí wọ́n tó gba ọlidé ní oṣù Keje. Tí ilé-ìwé bá ti palẹ̀ mọ́, ẹ ò ní rí ẹni tó máa buwọ́ lù ú títí oṣù Kẹsàn-án. Tí ẹ bá sì dé ilé-ìwé tuntun, ẹ má san owó ìforúkọsílẹ̀ kankan kí wọ́n tó fi kíláàsì tí ọmọ máa jókòó sí hàn yín, àti olùkọ́ tó máa kọ́ ọ.